Oró Inú Omi Aláwọ̀ Ewé: Ogún Àtayébáyé ní Ọ̀sà Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́

Ẹni tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi ní èbúté Ìpàkòdò ní Ìkòròdú, tó kọjú sí ìlà oòrùn, tó gba iwájú Báyékù àti Ìjẹ̀dẹ́ kọjá, tó bá etí ọ̀sà lọ títí tó fi dé Àgbówà, tó sì dé Èjìnrìn tí ọjà rẹ̀ gbajúmọ̀ láyé àwọn baba ńlá wa, kí ó tó gúnlẹ̀ sí Ẹ̀pẹ́ níbi tí Ọba Kòsọ́kọ́ wá tẹ̀dó sí pẹ̀lú àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi ìbọn àgbá lé e kúrò l'Ékòó lópin ọdún 1851, olúwa rẹ̀ kò ní í bi ẹnikẹ́ni kí ó tó mọ̀ pé omi ni ó bí àwọn ìlú wọ̀nyí, omi náà ni ó sì wò wọ́n dàgbà. Ọ̀bọ̀kún, ẹpìyà, àrọ̀ àti edé tí àwọn ìyá wa ń pàtẹ ní ọjà Olúwo ní Ẹ̀pẹ́, inú omi ni wọ́n ti wá. Owó ilé ẹ̀kọ́ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọmọ tó ti di ọ̀gá lẹ́nu iṣẹ́ lónìí, inú àwọ̀n àti ìgèrè ni wọ́n ti kó o.

Àwọn àgbà ní omi kò lọ́tàá. Òótọ́ ni wọ́n sọ, nítorí omi a-bù-wẹ̀-a-bù-mu kì í bá ẹnikẹ́ni ṣọ̀tá. Ṣùgbọ́n ẹni tí kò lọ́tàá lè gba ọ̀tá ẹlòmíràn sílé láìmọ̀, kí ó sì fún un ní oúnjẹ àti ibùsùn. Irú àlejò bẹ́ẹ̀ kan wà nínú omi wa. Ó kéré tó bẹ́ẹ̀ tí ojú lásán kò lè rí ẹyọ kan rẹ̀, ó sì dàgbà lọ́jọ́ orí ju igi, ju ẹja, ju ẹyẹ àti ju ọmọ ènìyàn lọ. Sayanobakitéríà ni àwọn onímọ̀ ń pè é. Lára ìdílé rẹ̀ tó pọ̀ bí iyanrìn, àwọn kan wà tí ń po oró, àwọn kan sì wà tí kì í po ó, bẹ́ẹ̀ ni ìrísí kò fi wọ́n hàn yàtọ̀ síra. Bí oró náà ṣe di tiwọn, ibi tí wọ́n ti jogún rẹ̀, àti ìdí rẹ̀ tí ó fi yẹ kí ọmọ Ìkòròdú àti ọmọ Ẹ̀pẹ́ bìkítà, ni mo fẹ́ fi àpilẹ̀kọ yìí sọ.

Ó yẹ kí a kọ́kọ́ mọ irú omi tí à ń sọ̀rọ̀ lé lórí. Ọ̀sà Èkó kì í ṣe omi kan náà láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin rẹ̀. Nígbà òjò, odò Ògùn tó ti gba Abẹ́òkúta kọjá a ya wọ inú ọ̀sà ní apá Ìkòròdú, odò Ọ̀ṣun tó ti la ilẹ̀ Òṣogbo àti ilẹ̀ Ìjẹ̀bú já a tú ara rẹ̀ sínú omi tó wà lápá ìlà oòrùn Ẹ̀pẹ́, omi òjò a sì lé omi iyọ̀ padà sínú òkun. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ẹ̀wẹ̀, tí odò méjèèjì bá fà, òkun a gba ẹnu ọ̀nà èbúté Èkó wọlé, iyọ̀ a sì dé iwájú Ìkòròdú. Ṣùgbọ́n Ẹ̀pẹ́ jìnnà sí ẹnu òkun, nítorí náà omi rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ omi tútù aláìníyọ̀ láti ọdún dé ọdún. Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí ṣe pàtàkì, nítorí pé sayanobakitéríà tí a ń pè ní Microcystis, tí ó jẹ́ olórí àwọn olóró inú omi tútù, kì í fẹ́ iyọ̀ púpọ̀. Bí iyọ̀ bá ti pọ̀ jù, ara rẹ̀ a bẹ́. Ibi tí omi bá ti dúró jẹ́ẹ́, tí oòrùn mú, tí iyọ̀ kò sí, tí oúnjẹ sì pọ̀, ni ó ń wá kiri. Àwọn kọ̀rọ̀ omi lápá Ẹ̀pẹ́ àti àwọn adágún ẹja tí a gbẹ́ káàkiri Ìkòròdú, láti Odòguǹyàn títí dé Ìmọ́ta, bá ohun tó ń wá mu rẹ́gí.

Àwọn tó ń sin ẹja mọ omi aláwọ̀ ewé dáadáa. Wọn kò ka gbogbo rẹ̀ sí ibi, wọn kò sì jẹ̀bi, nítorí pé ohun kékeré aláwọ̀ ewé inú omi ni oúnjẹ àkọ́kọ́ fún ẹpìyà àti fún ọ̀pọ̀ ẹja kéékèèké. Ìdí nìyí tí àwọn mìíràn fi ń da ìgbẹ́ adìyẹ sínú adágún kí omi lè tètè yí padà. Ṣùgbọ́n oríṣiríṣi ni àwọ̀ ewé. Bí ènìyàn bá bu omi adágún sínú ìgò funfun tí ó mọ́ gaara, tí ó dé e, tí ó gbé e sí ibi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní í mì ín, tí ó sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, yóò rí ohun tí ojú rẹ̀ yóò yà sí. Bí ó bá jẹ́ àwọn ohun aláwọ̀ ewé mìíràn ni, wọn yóò ti rì sí ìsàlẹ̀ ìgò. Bí ó bá sì jẹ́ Microcystis àti àwọn ẹbí rẹ̀ ni, wọn yóò ti gòkè wá sí ọrùn ìgò, wọn yóò kó ara wọn jọ lójú omi bí ọ̀dà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà lé e, omi tó wà lábẹ́ wọn yóò sì fẹ́rẹ̀ẹ́ mọ́. Afẹ́fẹ́ ni wọ́n fi ń gòkè: inú ara kálukú wọn ni àwọn àpò kéékèèké tó kún fún afẹ́fẹ́ wà, àwọn ni wọ́n fi ń léfòó lọ síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Ojú oró ni í lékè omi, òṣíbàtà ni í lékè odò. Ẹ̀dá àìfojúrí yìí náà mọ ọgbọ́n ìlékè.

Ẹnikẹ́ni tó bá ṣe àyẹ̀wò ìgò yìí ti mọ ìdajì ọ̀rọ̀. Ìdajì tó kù, ìgò kò lè sọ ọ́.

Kí n má ba ẹbí wọn jẹ́ jù, ẹ jẹ́ kí n sọ oore wọn. Ní ohun tó lé ní bílíọ̀nù ọdún méjì sẹ́yìn, nígbà tí kò sí ọ́síjìn tó ṣe é mí sínú afẹ́fẹ́ ayé, àwọn ni wọ́n kọ́kọ́ mọ bí a ti ń fi ìmọ́lẹ̀ oòrùn pín omi níyà, tí ọ́síjìn fi ń jáde lára wọn, títí afẹ́fẹ́ ayé fi yí padà pátápátá, tí ẹranko àti ènìyàn fi rí ohun mí sínú. Ní etí adágún Ṣáàdì, àwọn obìnrin Kanembu ń gbọ́n ẹ̀yà kan lára wọn tí a ń pè ní Arthrospira kúrò lójú omi, wọ́n ń sá a sínú iyanrìn títí yóò fi gbẹ, wọ́n ń pè é ní dihé, wọ́n sì ń fi se ọbẹ̀. Ohun yìí kan náà ni àwọn oníṣòwò ń dì sínú ìgò gẹ́gẹ́ bí oògùn ìlera ní ìlú òyìnbó, tí wọ́n ń pè é ní spirulina. Arthrospira kò ní jíìnì tí a fi ń po oró ẹ̀dọ̀ tí mo fẹ́ ṣàlàyé yìí. Ìdílé kan náà ni òun àti Microcystis. Ogún ni wọn kò jọ jẹ.

Nípa àwọn tó jogún oró, ìtàn wọn ti pẹ́ nínú ìwé. Ní ọdún 1878 ni George Francis kọ̀wé nípa adágún Alexandrina ní Ọsirélíà, níbi tí àgùntàn, ẹṣin àti ajá ti mu omi tí èéfó aláwọ̀ ewé bò, tí wọ́n sì kú. Ní ọdún 1996, ní ìlú Caruaru ní Bùràsíìlì, àwọn aláìsàn tí kíndìnrín wọn kò ṣiṣẹ́ mọ́ lọ fọ ẹ̀jẹ̀ wọn ní ilé ìwòsàn, omi tí a lò fún wọn ní oró yìí nínú, ó sì lé ní àádọ́ta (50) nínú wọn tó bá a lọ. Ní ọdún 2020 ni àwọn erin tó lé ní 330 kú ní Bòtìswánà, ìjọba ibẹ̀ sì sọ pé oró sayanobakitéríà inú omi tí wọ́n mu ló pa wọ́n. Erin, àjànàkú, ẹranko tí kò sí ohun tó lè dojú kọ ọ́ nínú igbó, ohun tí ojú kò rí ló bì í lulẹ̀.

Oró tí Microcystis ń po ni a ń pè ní microcystin. Bí ènìyàn tàbí ẹranko bá gbé e mì, ẹ̀jẹ̀ a gbé e lọ sí ẹ̀dọ̀, nítorí pé ẹ̀dọ̀ ní ẹnu ọ̀nà tó fi ń gba àwọn ohun tí òróòro ń lò wọlé, ẹnu ọ̀nà yìí ni oró náà sì ń gbà. Tí ó bá ti wọlé, a dí àwọn ẹ́ńsáìmù kan tí wọ́n ń ṣètò bí egungun inú sẹ́ẹ̀lì ṣe ń dúró lọ́wọ́. Egungun náà a wó, àwọn sẹ́ẹ̀lì ẹ̀dọ̀ a jáwọ́ lára ara wọn, ẹ̀jẹ̀ a sì tú sínú ẹ̀dọ̀. Èyí ni ti àjẹjù lẹ́ẹ̀kan náà. Ti díẹ̀díẹ̀ ojoojúmọ́ kò ní ariwo bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n òun gan-an ló ń bà mí lẹ́rù, nítorí pé ẹni tí ẹ̀dọ̀ rẹ̀ ń bàjẹ́ díẹ̀díẹ̀ kò ní í mọ ẹni tí yóò mú.

Wàyí o, báwo ni ẹ̀dá tí kò ní ọwọ́, tí kò ní ẹsẹ̀, tí gbogbo ara rẹ̀ kò ju sẹ́ẹ̀lì kan lọ, ṣe ń po irú oró tó le tó báyìí? Inú jíìnì rẹ̀ ni ìdáhùn wà, ìyẹn ohun àjogúnbá tí ó ti ọ̀dọ̀ ìyá bọ́ sọ́dọ̀ ọmọ nínú DNA. Ní ọdún 2000, Daniel Tillett, Elke Dittmann, Thomas Börner, Brett Neilan àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn, tí àwọn kan wà ní Jámánì tí àwọn kan sì wà ní Ọsirélíà, tú àwọn jíìnì náà palẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Mẹ́wàá ni wọ́n, láti orí èyí tí a pè ní mcyA títí dé mcyJ. Ojú kan náà ni wọ́n tò jọ sí nínú DNA, wọ́n gba àyè tó tó lẹ́tà 55,000, wọ́n sì pín sí ọ̀wọ́ méjì tó kẹ̀yìn síra, tí ọ̀kan ń kà lọ sápá ọ̀tún tí èkejì ń kà lọ sápá òsì. Fún ẹ̀dá tó kéré tó bẹ́ẹ̀, ilẹ̀ tó fi sílẹ̀ fún ohun kan ṣoṣo yìí pọ̀ gidigidi. Ẹni tí kò ní ilẹ̀ tó pọ̀ kì í fi èyí tó ní sílẹ̀ fún ohun tí kò wúlò fún un.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà ṣe é tún yàtọ̀. Gbogbo ẹ̀dá alààyè ló ní ibi ìṣẹ̀dá kan nínú sẹ́ẹ̀lì, níbi tí a ti ń ka ohun tí jíìnì wí, tí a sì ń to amínò ásíìdì pọ̀ di purotéènì. Microcystin kò gba ibẹ̀ jáde. Ohun tí àwọn jíìnì mcy ń ṣe ni àwọn ẹ́ńsáìmù gàgàrà tí wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn bí àwọn asínlẹ̀kẹ̀ tó jókòó lórí ẹní kan, tí ẹni àkọ́kọ́ fi ìlẹ̀kẹ̀ tirẹ̀ sí okùn, tó nà án sí ẹni tó kàn, tí onítọ̀hún fi tirẹ̀ sí i, tí kò sì sí ẹni tó ń fi ìlẹ̀kẹ̀ ẹlòmíràn sí i, títí tó fi pé méje, tí ẹni tó gbẹ̀yìn fi so ẹnu okùn méjèèjì pọ̀ di òrùka. Ọ̀kan nínú méje náà, tí a ń pè ní Adda, a kì í rí i lára ohun mìíràn láyé yìí àfi lára oró sayanobakitéríà, òun náà ló sì ń jẹ́ kí oró náà rí ibi dì mú nínú ẹ̀dọ̀. Méjì wà nínú ìlẹ̀kẹ̀ méje náà tí wọ́n máa ń yí padà jù lọ. Bí apá kan jíìnì mcyB bá ti gba pàṣípààrọ̀ pẹ̀lú apá kan mcyC, èyí tó sì máa ń ṣẹlẹ̀ láàrin wọn, ìlẹ̀kẹ̀ mìíràn ni yóò bọ́ sórí okùn, agbára oró náà yóò sì yí padà. Irú ọ̀nà báyìí ni oríṣi microcystin tí a ti mọ̀ fi lé ní igba (200).

Kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé àròsọ ni, Dittmann àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ṣe ìdánwò rẹ̀ ní ọdún 1997, kódà kí a tó tú gbogbo jíìnì náà palẹ̀. Wọ́n ba jíìnì mcyB jẹ́ lára Microcystis kan tí wọ́n ń tọ́jú ní yàrá ìwádìí. Ẹ̀dá náà kò kú. Ó ń jẹ, ó ń pín ara rẹ̀ sí méjì, àwọ̀ ewé rẹ̀ kò ṣá. Oró nìkan ló pòórá lára rẹ̀.

Ohun tí ìdánwò yìí fi hàn ni gbòǹgbò gbogbo ọ̀rọ̀ tí mò ń sọ. Microcystis olóró àti Microcystis aláìlóró lè jẹ́ ọmọ ìyá, kí wọ́n jọ wà nínú kọ̀rọ̀ omi kan náà ní Ẹ̀pẹ́, kí wọ́n jọ léfòó, kí wọ́n jọ rùn, kí ẹni tó fi awò tí í sọ kékeré di ńlá wò wọ́n má sì rí ìyàtọ̀ kankan. Omi lè dúdú fún àwọ̀ ewé kí ó má ní oró púpọ̀. Omi mìíràn lè má fi bẹ́ẹ̀ ní àwọ̀ kí oró rẹ̀ sì pọ̀. Láàrin oṣù díẹ̀, èyí tó pọ̀ lè di kékeré, kí èyí tó kéré sì gba ipò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ òtítọ́, ọ̀nà kan tó dára ni kí ó wá jíìnì náà lọ. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wá a ni èyí tí gbogbo wa gbọ́ orúkọ rẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn kòrónà, ìyẹn PCR: a bu omi díẹ̀, a yọ DNA inú rẹ̀, a wá mcyE tàbí mcyB nínú rẹ̀, bí ó bá wà a ó rí i, bí kò bá sí a ó mọ̀.

Nígbà tí àwọn onímọ̀ rí i pé àwọn kan ní jíìnì yìí tí àwọn ẹbí wọn kò sì ní in, èrò tó kọ́kọ́ wá sọ́kàn ọ̀pọ̀ ni pé àwọn olóró ni wọ́n lọ yá a níbòmíràn, nítorí pé bakitéríà mọ bí a ti ń gba jíìnì lọ́wọ́ aládùúgbò. Anne Rantala, Kaarina Sivonen àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Yunifásítì Helsinki ní ilẹ̀ Finland gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò, wọ́n sì gbé èsì wọn jáde ní ọdún 2004. Wọ́n tọ ìtàn ìran àwọn jíìnì oró, wọ́n tún tọ ìtàn ìran àwọn jíìnì tí sayanobakitéríà kankan kò lè wà láàyè láìsí, wọ́n wá gbé ìtàn méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Wọ́n bára mu. Bí ó bá jẹ́ pé ṣe ni wọ́n yá oró, ìtàn méjèèjì kì bá tí rí bẹ́ẹ̀. Ohun tó túmọ̀ sí ni pé baba ńlá kan ṣoṣo, tó jẹ́ baba fún apá tó pọ̀ nínú ìdílé sayanobakitéríà, ti ní oró náà, àti pé ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí kò ní in lónìí, ṣe ni wọ́n sọ ogún baba wọn nù lọ́nà.

Bí ọmọdé bá ní aṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Ní ọdún 2008, Guntram Christiansen, Rainer Kurmayer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn rí àkísà náà gan-an. Wọ́n yẹ àwọn Planktothrix aláìlóró wò, ìyẹn ẹ̀yà mìíràn tó wọ́pọ̀ nínú àwọn adágún ilẹ̀ Yúróòpù, wọ́n sì bá ìkángun jíìnì mcy ní ìhín àti ní ọ̀hún, nígbà tí ohun tó lé ní ìdá mẹ́sàn-án nínú ìdá mẹ́wàá tó yẹ kí ó wà láàrin wọn ti lọ. Ìṣẹ́kù ìdí rẹ̀ ṣì wà níbẹ̀ láti jẹ́rìí pé ilé kan ti wà níbẹ̀ rí. Ẹ̀yà mìíràn tí a ń pè ní Nodularia, tó fẹ́ omi iyọ̀ díẹ̀, kò sọ gbogbo rẹ̀ nù. Ó gé e kúrú ni, oró tirẹ̀ kò sì ju amínò ásíìdì márùn-ún lọ. Àwọn oró mìíràn tún wà tí wọn kì í ṣe ti ẹ̀dọ̀, irú èyí tí ń mú iṣan rọ tàbí tí ń dá èémí dúró. Àwọn náà ní ọ̀wọ́ jíìnì tiwọn, ṣùgbọ́n ìtàn wọn gùn, n kò ní í wọ inú rẹ̀ níbí.

Bí ogún yìí bá ti pẹ́ tó bẹ́ẹ̀, a jẹ́ pé kì í ṣe torí tiwa ni a ṣe po ó. Àwọn olùwádìí gbà pé oró náà ti wà kí ẹranko kankan tó dé ayé, nígbà tí kò sí ẹ̀dọ̀ tí yóò bàjẹ́. Kí wá ni wọ́n ń fi ṣe? Ní ọdún 2011, Yvonne Zilliges àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé nígbà tí oòrùn bá mú jù, microcystin a máa so mọ́ àwọn purotéènì inú sẹ́ẹ̀lì tó ń po ó, àti pé èyí tí a ba jíìnì rẹ̀ jẹ́ kì í lè fara da oòrùn líle bí èyí tó ní in. Lójú tèmi, èyí bọ́gbọ́n mu ju gbogbo ohun mìíràn tí mo ti kà lọ: ohun tí ó ń pa wá, agboòrùn ni fún ẹni tó ni ín. Bóyá ó tún wá wúlò fún un lẹ́yìn náà láti lé àwọn kòkòrò tó ń jẹ ẹ́ sẹ́yìn, ìyẹn kò yí ti àkọ́kọ́ padà.

Ẹ jẹ́ kí n wá mú un dé ilé. Microcystin tó wọ́pọ̀ jù lọ ní átọ̀mù náítírójìn mẹ́wàá nínú ẹyọ kan ṣoṣo rẹ̀. Microcystis kò mọ bí a ti ń mú náítírójìn láti inú afẹ́fẹ́ bí àwọn ẹbí rẹ̀ kan ti mọ̀. Ohun tí omi bá gbé wá fún un ni yóò lò. Nígbà tí ìgbẹ́ àti ìtọ̀ ènìyàn, ọṣẹ ìfọṣọ, ajílẹ̀ láti oko àti ìgbẹ́ adìyẹ bá ṣàn wọ inú odò Ògùn àti àwọn kọ̀rọ̀ ọ̀sà, àwa fúnra wa ni a gbé ohun èlò oró fún un ní ọ̀fẹ́. Níbi tí náítírójìn bá pọ̀ sí, àwọn olóró a máa rí àyè gbòòrò ju àwọn aláìlóró lọ. Jíìnì jẹ́ ogún tirẹ̀, ṣùgbọ́n oúnjẹ tó fi ń lo ogún náà, ọwọ́ wa ló ti ń gbà á. Mo fi gbogbo ọkàn sọ ọ́: bí a bá fi ọ̀sà ṣe ààtàn, a kò ní ẹ̀tọ́ láti bínú sí ohun tó bá hù níbẹ̀.

Kò sí ẹni tó lè sọ pé ọ̀rọ̀ yìí kò kan ilẹ̀ wa. Láti ọdún 1993 ni D. I. Nwankwo ti Yunifásítì Èkó ti kọ̀wé lórí àwọn sayanobakitéríà tí wọ́n ń hù bo omi etíkun ìhà ìwọ̀-oòrùn gúúsù Nàìjíríà. Ní ọdún 2009, Mathias Chia àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí jáde lórí microcystin nínú àwọn adágún ẹja ní Zaria, wọ́n sì kìlọ̀ nípa ìlera àwọn ènìyàn. Ní ọdún 2020, Medina Kadiri ti Yunifásítì Benin àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jábọ̀ pé microcystin wà nínú omi etíkun Nàìjíríà. Àwọn ọmọ wa ló ṣe iṣẹ́ wọ̀nyí, lórí omi wa.

Kí ni ará ilé yóò wá ṣe? Àkọ́kọ́, kí ó mọ̀ pé iná kò ran ọ̀rọ̀ yìí. Àwa Yorùbá gbà pé omi tí a bá ti sè hó ti di omi rere, òótọ́ sì ni fún onígbáméjì àti ibà jẹ̀funjẹ̀fun. Ṣùgbọ́n microcystin kì í ṣe ẹ̀dá alààyè tí iná yóò pa, ó lè wà nínú omi híhó kí ohunkóhun má ṣe é. Nígbà tí omi ẹ̀rọ ìlú Toledo ní Amẹ́ríkà ní oró yìí nínú ní oṣù Kẹjọ ọdún 2014, tí a sọ fún nǹkan bí ìdajì mílíọ̀nù ènìyàn pé kí wọ́n má mu ún, ohun tí àwọn aláṣẹ kìlọ̀ fún wọn gan-an ni pé kí wọ́n má ṣe sè é, nítorí pé omi ni yóò fà lọ, oró yóò sì kù. Èkejì, kí ó má fi ìkánjú pa ohun aláwọ̀ ewé náà. Ní erékùṣù Palm ní Ọsirélíà, ní ọdún 1979, àwọn ará ìlú ráhùn pé omi wọn ń rùn, tó sì ní ìtọ́wò burúkú, nítorí náà a da iyọ̀ bàbà sínú adágún tí wọ́n ń mu láti pa ohun tó hù síbẹ̀. Ó kú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n gbogbo oró tó wà nínú ara rẹ̀ tú sínú omi lẹ́ẹ̀kan náà, ènìyàn 148 ló sì dùbúlẹ̀ àìsàn, ọmọdé ni 138 nínú wọn. Nígbà tí ó wà láàyè, inú ara rẹ̀ ni ó gbé oró rẹ̀ pamọ́ sí. Ikú rẹ̀ ló tú àpò náà.

Kí ẹnikẹ́ni má sì jáyà ju bó ti yẹ lọ. Omi kànga jíjìn àti omi ẹ̀rọ tí a fà láti inú ilẹ̀, tí ọ̀pọ̀ ará Ìkòròdú ń mu, kò sí oòrùn níbẹ̀, sayanobakitéríà kò sì lè hù níbi tí kò sí oòrùn. Ní ti ẹja tó ti inú omi olóró wá, inú ẹ̀dọ̀ àti ìfun rẹ̀ ni oró ń pọ̀ sí ju inú ẹran rẹ̀ lọ. Àwọn ìyá wa tó ń la ẹja, tó ń yọ gbogbo inú rẹ̀ dànù, tó sì ń fọ̀ ọ́ mọ́ tónítóní kí wọ́n tó gbé e kaná, ohun tó tọ́ ni wọ́n ń ṣe. Àwọn tó wà nínú ewu jù ni àwọn tí ń wẹ̀, tí ń pọn omi, tí ń fọ abọ́ ní etí kọ̀rọ̀ omi tó ti bò, àti àwọn ọmọ kéékèèké tó ń ṣeré níbẹ̀, tí wọ́n ń gbé omi mì bí wọ́n ti ń lúwẹ̀ẹ́.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ti là á kalẹ̀ pé omi mímu tí a óò máa mu lójoojúmọ́ kò gbọdọ̀ ní ju ìwọ̀n máíkírógíráàmù 1 microcystin nínú lítà kan. Òfin tí a kò wọ̀n ohun tó kàn kò wúlò fún ẹnikẹ́ni. Ilé iṣẹ́ ìwádìí òkun ti ìjọba àpapọ̀, tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 1975, wà ní Èkó. Yunifásítì Ìmọ̀ Sáyẹ́ńsì àti Ìmọ̀ Ẹ̀rọ ti Ìpínlẹ̀ Èkó wà ní Ìkòròdú gan-an. Ẹ̀rọ PCR tó pọ̀ ni a kó wọ orílẹ̀-èdè yìí nígbà kòrónà. Mo bẹ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó pé kí wọ́n jẹ́ kí a máa bu omi lóṣooṣù ní Báyékù, ní Àgbówà, ní Ẹ̀pẹ́ àti ní àwọn adágún ẹja Odòguǹyàn, kí a máa wá jíìnì mcy nínú rẹ̀, kí a sì máa fi èdè Yorùbá kọ èsì rẹ̀ sára ògiri ọjà Olúwo níbi tí ẹlẹ́ja àti oníbàárà yóò ti rí i kà. Ìwọ tí o ń sin ẹja, bí ohun aláwọ̀ ewé inú omi rẹ bá ti gòkè sí ọrùn ìgò, má da iyọ̀ bàbà sí i, má sì ta ẹja lọ́sẹ̀ náà. Fi omi mímọ́ rọ́pò omi adágún náà díẹ̀díẹ̀. Ìwọ ìyá ọmọ tó wà létí ọ̀sà, omi tí èéfó aláwọ̀ ewé bá ti bò, má fi wẹ ọmọ, má sì fi se àgbo fún un.